Ọkọ̀ Tó Le Kọ́ Ni Ọkọ̀ Tó Dúró

 Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wà lójú títì láti ìdájí: ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé omi inú ọ̀rá kiri, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà láti Mile 12 lọ sí àdúgbò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lónìí: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, táyà, àti gbogbo ohun tó wà láàárín ara ọkọ̀ àti ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Toyota HiAce tó jáde lọ́dún 2004, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Họ́mà. Kò sí ọjà ńlá tí ẹ ó dé nílẹ̀ wa tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Àmọ́ kí oní-Urvan àti oní-L300 má pa rédíò o, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n.

Ibi tó ń dùn mí jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì bá ti ń wálẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ bá ń fì ní kọ́nà, ohun tí onímọ́tò máa kọ́kọ́ sọ fún mẹkáníìkì ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi irin kan kún sípíríǹgì yìí." Irin kan á di méjì. Ìdí ọkọ̀ á ga sókè, inú onímọ́tò á dùn, á ní ọkọ̀ òun ti le báyìí. Èmi sọ pé owó tó ná yẹn, ewu ló fi rà.

Kí ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an? Kí táyà má kúrò nílẹ̀ ni. Sítíárìn o, bíréèkì o, ẹ́ńjìnnì o, kò sí èyí tó lè gbà yín lásìkò tí táyà ò bá tẹ ilẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó ru omi bọ̀ láti odò. Orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, omi ò sì dà. Bí ẹ bá fi igi de orúnkún yẹn kó má lè tẹ̀ mọ́, òkúta kékeré kan lójú ọ̀nà ti tó láti gbé òun àti omi ṣubú. Ohun tí à ń fi irin tó pọ̀ jù ṣe sí bọ́ọ̀sì wa nìyẹn.

Lábẹ́ ẹ̀yìn Họ́mà, irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni wọ́n tò lé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí yú-bóòtì dì wọ́n mọ́ ọ̀pá ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́rù, irin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá máa ń nípọn, ó sì máa ń tẹ́jú ju àwọn tó kù lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, òun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹrù bá tẹ àwọn tòkè wálẹ̀ ni wọ́n máa tó gúnlẹ̀ sórí rẹ̀, tí òun náà á wá kún wọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ọkọ̀ rọ̀ nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó le nígbà tó kún. Ẹ wá ra irin ọkọ̀ mìíràn ní ọjà Ládìpọ̀, ẹ há a sáàárín wọn, ètò yẹn ti bàjẹ́. Sípíríǹgì ti le kí ẹrù tó dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá já ẹrù tán, tí ẹ ń bọ̀ lófìfo, tí ẹ wá kó sí gálọ́ọ̀pù níbi tí ọ̀nà ti kọ́, ìdí bọ́ọ̀sì á fò, kò sì ní balẹ̀ síbi tó ti gbéra. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ó lè sún sí apá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀.

Ewu kejì nìyí, n kì í sì í sábàá gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ Họ́mà tí kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa) ní fáàfù bíréèkì kan lábẹ́ ẹ̀yìn, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ọ̀pá táyà. Iṣẹ́ fáàfù yìí ni kó mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Bí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, ó gbà pé ẹrù wà, á jẹ́ kí ọ́ìlì bíréèkì ti táyà ẹ̀yìn dáadáa. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga, ó gbà pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára ẹ̀yìn kù kí táyà ibẹ̀ má bàa dì pa. Ẹ wá fi irin méjì kún sípíríǹgì. Ẹ di ẹrù tọ́ọ̀nù kan sí i. Ìdí ọkọ̀ ò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Fáàfù ní, "Ọkọ̀ yìí ṣófo." Ẹ wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè lọ sí Ìtawúrẹ́, ibi tí ọ̀nà ti ń yí lára òkè, ẹ tẹ bíréèkì. Iwájú nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá ọkọ̀ àti ẹrù dúró. Páàdì á gbóná, á máa rùn, ẹsẹ̀ yín á máa lọ sílẹ̀ sí i, ẹ ó ní bíréèkì ni ò dára. Bíréèkì ò ṣẹ̀. Ẹni tó ṣe sípíríǹgì ló parọ́ fún un.

Mẹkáníìkì mìíràn á ní wàhálà lásán ni fáàfù yẹn, á yọ ọ́ sọnù, á so páìpù pọ̀ tààrà. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá kún, ẹ lè máà mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo tí òjò sì rọ̀ ni ẹ ó mọ̀: táyà ẹ̀yìn á dì ṣáájú ti iwájú, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ ṣáájú orí. Ẹ̀yin ọ̀gá mi mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá yí gíga ọkọ̀ padà, ẹ tún fáàfù yẹn tò.

Àwọn kan ò tilẹ̀ ní ra irin. Èyí tó ti tẹ́ ni wọ́n á gbé lọ sí àgbẹ̀dẹ kí wọ́n fi iná dá a padà. Ọmọ Ògún ò ní bínú sí mi. Irin sípíríǹgì yàtọ̀ sí irin gbọọrọ tí à ń rà lọ́jà. Níléeṣẹ́, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á rì í sínú òróró kó lè le, wọ́n á tún wá yá a níná níwọ̀nba kó má bàa máa ṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di pupa fòò lẹ́nu ewìrì, tí wọ́n lù ú kó tún tẹ̀, tí wọ́n wá gbé e kalẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, agbára tó fi ń ta padà ti lọ. Á rí rèǹtè-rente lójú. Ẹrù díẹ̀, á tún tẹ́.

Ẹ ó wá bi mí pé, níbo ni kí àwa ti bẹ̀rẹ̀? Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Họ́mà akẹ́rù wà fún nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, bóyá kó lé díẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan, àpò sìmẹ́ńtì 20 ni. Àpò omi tó ní ogún ọ̀rá, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, jẹ́ kìlógíráàmù 10. Ọgọ́rùn-ún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó kó 180, tọ́ọ̀nù méjì ku díẹ̀ ló gbé yẹn, kò sì sí sípíríǹgì tó lè sọ bíréèkì rẹ̀ di bíréèkì ọkọ̀ ńlá.

Ibi tí ẹ gbé ẹrù sí tún ṣe pàtàkì. Nínú Họ́mà kúkúrú, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.57. Ká ní ẹ kó àpò omi 60 sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, torí kó lè yá láti já, tí àárín ẹrù náà wá fi ìdajì mítà kọjá táyà ẹ̀yìn. Kìlógíráàmù 600 nìyẹn. Yàtọ̀ sí pé ó tẹ ẹ̀yìn, ó tún gbé bíi kìlógíráàmù 117 kúrò lórí táyà iwájú. Ọkọ̀ ti di jángirọ́fà nìyẹn. Sítíárìn á fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó máa yí i, orí ọkọ̀ á máa lọ́ra láti dáhùn. Ẹ sún ẹrù kan náà síwájú, sáàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ohun tó wúwo wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi okùn dì í. Ẹrù tó ń rìn nínú ọkọ̀ ní kọ́nà ló burú jù, torí ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan gan-an ni òun náà máa wọ́ lọ síbẹ̀.

Ti orí òrùlé ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n lọ jókòó. Ẹrù orí òrùlé wà lára ohun tó ń ba ìdúró bọ́ọ̀sì jẹ́ jù lọ. Bí ẹ bá lè yọ kẹ́ríà yẹn kúrò lónìí, ẹ ti tún ọkọ̀ yín ṣe láìdé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn ẹrù, táyà. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ríìmù ọ̀pọ̀ Họ́mà jẹ́ 15. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré náà ń lo 15. Ìdí nìyẹn tí onítáyà tòkunbọ̀ fi lè ta 195/65R15 fún yín, tó máa wọlé geerege, tí owó rẹ̀ sì máa dín. Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n náà lára táyà. Lára ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré yẹn, 91 lẹ máa rí. Ohun tí 91 túmọ̀ sí ni pé táyà kan kò gbọdọ̀ ru ju kìlógíráàmù 615 lọ. Méjì lẹ́yìn jẹ́ 1,230. Táyà bọ́ọ̀sì, 195R15C, tí C yẹn fi hàn pé ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, máa ń ní 106. Ìyẹn ni kìlógíráàmù 950 fún ọ̀kan, 1,900 fún méjì. Ẹ rántí pé ìdí bọ́ọ̀sì ti ní ìwọ̀n tirẹ̀ kí ẹ tó gbé àpò kan sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré rọ̀. Ní kọ́nà, á kọ́kọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mọ̀ lára tí wọ́n fi ń ní ṣọ́ọ̀kì ti kú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ọ̀ràn tó jẹ́ ti táyà.

Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á wò. Ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ fẹ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Ẹ ra géèjì tiyín, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tó sì ru ẹrù ń tẹ̀, ó ń nà, ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru ọ̀sán á tún kún un, títí á fi bẹ́. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó jin dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó.

Lẹ́yìn táyà, àwọn oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló kàn: bọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, tái-rọ́ọ̀dù. Èyí tó bá ti yẹ̀ nínú wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹjọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ẹ fi igi tì í dáadáa, kí ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Ohun tó bá dún kò-kò-kò, ẹ wá a rí. Kí ẹ tó lọ fún àláímẹ́ńtì ni kí ẹ ti ṣe èyí, torí àláímẹ́ńtì orí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ, òfò owó ni.

Ó wá kan ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá fífò sípíríǹgì dúró. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ tó ń gba ihò tíntìntín kọjá bó ṣe ń lọ sókè sódò, wàhálà tí ọ́ìlì náà bá kojú láti kọjá ló ń sọ agbára fífò yẹn di ooru. Nítorí náà, bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tó rí págunpàgun, ẹ páàkì, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ ṣọ́ra fún páìpù èéfín. Gbogbo wọn ló yẹ kó gbóná. Bí méjì lẹ́yìn bá jọ wà, tí ọ̀kan gbóná tí èkejì tutù, èyí tó tutù ò ṣiṣẹ́. Àwọn tó máa ń tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè ka iye ìgbà tó fò, ọkọ̀ kékeré nìyẹn wà fún. Sípíríǹgì bọ́ọ̀sì akẹ́rù le ju ohun tí ọwọ́ èèyàn lè fi tẹ̀ lọ. Ẹ tún wo bóyá ọ́ìlì ti ń rin ín lára, tàbí bóyá táyà ti jẹ ní ihò-ihò káàkiri ojú rẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ẹni tó fi irin kún sípíríǹgì tí kò sì yí ṣọ́ọ̀kì padà, ìṣòro rẹ̀ ti di méjì, torí agbára tí sípíríǹgì fi ń ta padà ti pọ̀ ju èyí tí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lè mú lọ.

Iwájú Họ́mà yàtọ̀. Kò sí irin pẹlẹbẹ níbẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ́ bí táyà bá ti ń gòkè. Nọ́ọ̀tì kan wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n lè fi gbé iwájú ọkọ̀ sókè, àwọn mẹkáníìkì kan sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀mí wọn. Ẹ gbọ́ o: bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì yẹn, ọkọ̀ á ga, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ò le ju bó ṣe wà lọ. Ohun tí ẹ pàdánù ni ibi tí táyà ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Bí ó bá dé ẹnu kòtò, dípò kó bọ́ sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á gbá gààn, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì á sì máa jìyà. Bí wọ́n bá ní láti gbé e díẹ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kó yáa jẹ́ pé wọ́n á tún àláímẹ́ńtì ṣe lọ́jọ́ náà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé búrẹ́dì, tí ẹrù yín ga ṣùgbọ́n tí kò wúwo, sítéébíláísà ni kí ẹ wò. Ọ̀pá tó tẹ̀ lórí méjèèjì yẹn ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, kí ọkọ̀ má bàa fì jù ní kọ́nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, línkéèjì rẹ̀ nìkan ló ti jẹ, kò sì wọ́n. Àwọn kan ń fi tuntun kún ẹ̀yìn níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Ó ń dín fífì kù lóòótọ́, àmọ́ nínú ọkọ̀ tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, bó bá le jù, ẹ̀yìn á máa yọ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹ má fojú kékeré wo fífì: ní oṣù kẹwàá 1997, nígbà tí Mercedes A-Class dojú dé ní Sweden níbi tí àwọn oníròyìn ọkọ̀ ti ń dán an wò, táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà lára ohun tí iléeṣẹ́ náà yí padà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yíyọ̀ sí i. Ọkọ̀ kékeré nìyẹn, ọkọ̀ olówó. Bọ́ọ̀sì wa ga jù ú lọ dáadáa.

Kò sì sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó lè bá eré jà. Láti kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí kan, ohun tó ń fẹ́ gbé yín jáde nínú kọ́nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 20 péré lẹ fi kún un.

Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó nílò sípíríǹgì tuntun? Rárá o. Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti tẹ́, tàbí irin kan ti ṣẹ́, tàbí ẹrù tó sún mọ́ ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí ni ẹ ń gbé lójoojúmọ́, ẹ ra odindi sẹ́ẹ̀tì fún ọ̀tún àti òsì, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an. Ẹ fi téèpù wọn gíga ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé etí ibi tí táyà wà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ sanwó fún. Ẹ má sì kúrò níbẹ̀ lọ jẹun. Bí wọ́n bá ti to gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, kó dúró lórí táyà rẹ̀, kí wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì pa. Bí wọ́n bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro lókè, bọ́ọ̀ṣì á ti lọ́ kí ẹ tó jáde, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá ti fi gbé ẹrù, ẹ padà lọ kí wọ́n tún yú-bóòtì fún, torí irin tuntun máa ń jókòó síra wọn. Bí mẹkáníìkì bá ní kò pọn dandan, ẹ yá sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àsìkò yìí kan náà, ọ̀rọ̀ bíréèkì ló kàn.